Bí Àṣẹ Ọpọlọ Ṣe Ń Mú Iṣan Sún Kì

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń lò fún ohun mẹ́ta: iṣan. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Èyí tó yọ lápá alábàárù tó ń gbé àpò ìrẹsì ní Apápá, iṣan ni. Èyí tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá síbẹ̀, iṣan náà ni. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ̀ pé èyí kì í ṣe àléébù. Àyíká ọ̀rọ̀ ló ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. Àmọ́ bí a bá fẹ́ ṣàlàyé bí ìkejì ṣe ń gbọ́ ti ìkẹta, a nílò orúkọ méjì. Màá pe èyí tó ń gbé àṣẹ ní okùn àṣẹ, màá sì fi iṣan sílẹ̀ fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ agbára.

Ìrìn àṣẹ

Ká ní alábàárù fẹ́ gbé àpò. Àṣẹ á kúrò lọ́pọlọ, á gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, á bọ́ sórí okùn àṣẹ tó lọ sí apá. Iná mànàmáná ni, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti wáyà NEPA. Sódíọ̀mù ló ń gbé e: á rọ́ wọ inú okùn náà níbí, á tún rọ́ wọlé níwájú díẹ̀, títí àṣẹ á fi dé òpin.

Níbi tí okùn parí sí, kò kan iṣan. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, iná kò sì lè fò ó. Ó nílò alárinà. Bí iná bá dé, kálísíọ̀mù á wọ ẹnu okùn náà, èyí á sì mú kí ó tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine sínú àlàfo. Kẹ́míkà yìí á sọdá, á wọ ojú ihò tirẹ̀ lára iṣan bíi kọ́kọ́rọ́, iná tuntun á sì tàn ká inú iṣan. Lọ́dún 1936, Henry Dale àti Otto Loewi gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí bí kẹ́míkà ṣe ń jíṣẹ́ okùn àṣẹ.

Iná tuntun yìí ló ń tú kálísíọ̀mù tí iṣan kó pamọ́ sílẹ̀. Fọ́nrán oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, actin àti myosin. Kálísíọ̀mù á ká ìdènà kúrò lára actin. Myosin á mú un, á fà á, á jù ú sílẹ̀, á tún mú un, bí apẹja ṣe ń fa okùn àwọ̀n sínú ọkọ̀. Fọ́nrán kankan kò kúrú. Wọ́n kàn yọ́ wọnú ara wọn ni. Báyìí ni iṣan ṣe ń sún kì, tí àpò fi ń kúrò nílẹ̀.

Ohùn òkè tó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igbà, ọ̀nà yìí kan náà ló gbà wá: iṣan kan ní gògóńgò ló gba àṣẹ, tó na tán-án-ná kí ó lè gbọ̀n kíákíá.

Ẹni tó ń dá iṣẹ́ dúró

Bí acetylcholine kò bá kúrò nínú àlàfo, iṣan kò ní sinmi. Acetylcholinesterase ló ń gé e wẹ́wẹ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ajégúnlẹ̀. Nítorí ẹ̀fọn, ota-piapia ti di ará ilé. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti de acetylcholinesterase lọ́wọ́. Ohun tó ń pa ẹ̀fọn nìyẹn, ohun kan náà ló sì lè pa wá. Ẹni tó bá fà á símú jù, tàbí tó jẹ ẹ́ nínú ẹ̀wà tí wọ́n fi í pa kòkòrò rẹ̀, itọ́, omijé àti òógùn á máa dà lára rẹ̀, iṣan rẹ̀ á máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà á rọ. Iṣan tí a fi ń mí wà lára wọn.

Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré dichlorvos tí kò ju mílílítà 100 lọ. Bí ó bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e síta níbi atẹ́gùn, ẹ bọ́ aṣọ tó bá kàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ìkìlọ̀ sára ìgò. Àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì ló yẹ ká ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá wa lọ́jà Boundary. Bí ẹ bá sì ní orúkọ tó sàn ju okùn àṣẹ lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú.