Igba Wo Lẹ Kọ?
Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo kà nípa rẹ̀ ni mo gbójú lé nígbà tí mo yọ̀ǹda ara mi láti kọ́ kíláàsì kẹta fún ọjọ́ kan.

Mo kọ "igba" sí ojú pátákó, mo ní kí wọ́n kà á. Ọ̀kan pè é ní igbá, èkejì ní ìgbà. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní igbà tí bàbá òun fi ń gun ọ̀pẹ ni. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, èwo lẹ kọ?"

Igba, ogún mẹ́wàá, ni mo kọ. Ní ti àkọtọ́, n kò ṣìṣe, nítorí ohùn àárín kì í gba àmì. Ṣùgbọ́n níbi tí a kì í ti í fi àmì sí nǹkan kan, báwo ni ọmọdé yóò ṣe mọ̀? (Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ àwa fúnra wa!)

Mo bá fi dò, re, mí bẹ̀rẹ̀. A ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀, a ń kọ ọ́ lórin. Kí aago tó lù, ọmọbìnrin náà gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó fi àmì sí tirẹ̀: igbá. Ó ní èyí tí ìyá òun fi ń kiri ẹ̀kọ ni.