Àìsàn Lúpọ́ọ̀sì àti Ọkàn Ẹni Tí Ó Ń Ṣe

Lára àwọn àìsàn tí ojú kì í tètè rí ni lúpọ́ọ̀sì wà. Èdè Látìnì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìkookò, nítorí pé lójú àwọn ará àtijọ́ ó dà bí ẹni pé ẹranko ni ó bu ojú aláìsàn jẹ. Nínú ara olúkúlùkù ni agbára kan wà tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú ara ẹni tí ó ní lúpọ́ọ̀sì, agbára yìí a ṣìnà, a sì dojú kọ ara tí ó yẹ kí ó ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí ajá ọdẹ tí ó yíjú padà bu olówó rẹ̀ jẹ. Oríkèé a máa ro, ibà a máa wá, irun a máa já, àmì bí apá labalábá a sì máa hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú. Nígbà mìíràn ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Nínú aláìsàn 10, nǹkan bí 9 ni obìnrin. Kì í ràn. Ẹni tí ó bá aláìsàn jẹun nínú àwo kan náà kò ní kó o.

Àìsàn yìí a máa lọ, a sì máa padà. Lónìí obìnrin náà lè gún iyán. Lọ́la kò ní lè gbé garawa omi. Ará ilé tí kò rí egbò kankan yóò wí pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ó ń díbọ́n. Bí ó bá jẹ́ ará ìjọ, wọn a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń fi àdúrà bú, báwo ni ọkàn rẹ̀ kò ṣe ní rẹ̀wẹ̀sì? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ń bá jà. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè dé ọpọlọ, oògùn prednisolone tí a máa ń fún wọn sì lè lé oorun lọ, kí ó sì da ọkàn rú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Bí pípe aláìsàn ní elétàn ṣe ń pa á lára, bẹ́ẹ̀ ni fífi òtítọ́ pa mọ́ fún un. Flannery O'Connor, obìnrin òǹkọ̀wé ará Georgia ní Amẹ́ríkà, ni a bí ní ọdún 1925. Lúpọ́ọ̀sì ni ó pa bàbá rẹ̀ ní 1941. Nígbà tí àìsàn kan náà mú òun ní òpin 1950, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó mọ̀. Làkúrègbé ni wọ́n pè é fún un. Ìfẹ́ ni ó mú ìyá ṣe é. Ní 1952 ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ òtítọ́ fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti ń fura, ó sì ti ń bẹ̀rù pé orí òun ni ó ń dàrú. Lẹ́yìn èyí ó gbé nínú oko ìyá rẹ̀, ó ń kọ̀wé ní òwúrọ̀, ó ń sinmi ní ọ̀sán, ó ń sin ọ̀kín, àní nígbà tí ó di pé ọ̀pá méjì ni ó fi ń rìn. Ó kú ní 1964, ní ẹni ọdún 39. Ìtọ́jú òde òní sàn púpọ̀ ju ti ìgbà ayé rẹ̀ lọ. Oògùn tí a fi ń wo ibà nígbà kan rí, hydroxychloroquine, wà lára èyí tí a ń lò jù.

Oòrùn a máa ru àìsàn yìí sókè. Nítorí náà kí aláìsàn lọ sí oko ní ìdájí, kí ó dé akẹtẹ̀, kí ó wọ aṣọ alápá gígùn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí a sọ di àlejò nínú ilé ara rẹ̀ ń jìyà mìíràn. Ẹ̀gúsí ṣeé bó lábẹ́ òjìji. Kí a má sì máa bi í léèrè lójoojúmọ́ pé, “Ṣé ó ti tán?” Ẹ bi í pé, “Báwo ni ara ti rí lónìí?” kí ẹ sì gba ohun tí ó bá sọ gbọ́. Kí ó má ṣe dá prednisolone dúró lójijì láìsọ fún dókítà, nítorí ewu ńlá ni. Bí ó bá sì wí pé ayé sú òun, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.