Ọkọ Tó Ń Tẹ̀lé Ìyàwó Lọ sí Manchester

Ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí, ní Manchester, ti gba ìyàwó rẹ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò, ìwọ náà sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Mo bá yín yọ̀. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àwọn olùkọ́ tó gboyè ní Nàìjíríà láti gba QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ olùkọ́ wọn, bí ó bá jẹ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ni wọ́n kọ́ṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Ìyàwó rẹ ti ṣiṣẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo ayé ló ń kí olùkọ́ kú oríire, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ń tẹ̀lé e pé kí ni òun náà ń lọ ṣe.

Ojú wa ti rí i ní ìlú yìí. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ nílé dé síbí, ìyàwó ń jáde láàárọ̀ kùtù, òun ń jókòó sílé, òjò ń rọ̀. Láìpẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan a di ìjà. Wọn a ní owó ló ń gun obìnrin náà. Irọ́ ni. Ọkọ ni kò gbèrò tirẹ̀ kó tó wọ bàálù.

Físà tí wọn yóò fún ọ nítorí iṣẹ́ ìyàwó rẹ gbà ọ́ láàyè láti ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́, o sì lè kàwé. Nítorí náà, gba ìwé ẹ̀rí àti èsì ẹ̀kọ́ rẹ lọ́wọ́ yunifásítì báyìí tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì lè gbé ọ dé ọ́fíìsì wọn. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà rẹ kò ní ṣiṣẹ́ ju oṣù 12 lọ, nítorí náà tètè lọ ṣe ìdánwò tiwọn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní Trafford Park tàbí ìtọ́jú arúgbó lo kọ́kọ́ rí, ṣe é, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n mọ ọjọ́ tí o fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ní ti ìwé, fọ́tò alága ìdúró àti alága ìjókòó kò tó. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, torí oṣù 6 péré ni èsì rẹ̀ fi wúlò.

Ó wá kan owó, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀. Olùkọ́ tó ní QTS tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè yìí ń gba £32,916 lọ́dún, ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026. Má sọ ọ́ di náírà. Bí wọ́n bá yọ owó orí, National Insurance àti owó ìfẹ̀yìntì tán, bí £2,100 ló máa ń kù lóṣù. Nínú rẹ̀ ni owó ilé, owó council, iná, gáàsì àti bọ́ọ̀sì wà, ìjọba kò sì ní fún yín ní owó ìrànwọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ ó san owó ìlera: £1,035 fún àgbàlagbà, £776 fún ọmọdé, lọ́dọọdún, ẹ ó sì san ti gbogbo ọdún físà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ẹ̀yin méjèèjì àti ọmọ yín kan, ọdún mẹ́ta jẹ́ £8,538, a ò tíì dárúkọ owó físà. Ẹ ní kí ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá wọ́n máa san nǹkan kan níbẹ̀, àti bóyá ti olùkọ́ nìkan ni.

Ẹ béèrè ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà gan-an kí ẹ tó wá ilé. Oldham àti Rochdale náà ni àwọn kan ń pè ní Manchester. Ẹ má sanwó ilé tí ẹ kò rí, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè owó ìdúró tó ju owó ilé ọ̀sẹ̀ 5 lọ, òfin kò gbà á láàyè.

Iṣẹ́ ìyàwó rẹ ló gbé físà gbogbo yín dúró. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, bí ọjọ́ 60 ni wọ́n máa ń fúnni láti wá òmíràn tàbí láti kúrò nílùú. Nítorí náà, bí ìyàwó rẹ bá gbé ìwé àwọn ọmọ wálé tó ń máàkì títí di òru, wọ ilé ìdáná. Èlùbọ́ wà ní Moss Side, ó wà ní Cheetham Hill, o ò ní àwáwí. Bí ìyá rẹ bá pè láti ilé tó ní ṣé ìwọ ló ń rokà ni, fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, èmi ni.

Mo bẹ̀ ọ́, kí ìyàwó rẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ẹ jókòó pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: èló ló ń wọlé, ta ló ń san kí ni, ta ló ń mú ọmọ lọ síléèwé, iṣẹ́ wo ni ìwọ ń wá, èló sì ni ẹ ó máa fi ránṣẹ́ sílé lóṣù. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.