Má Ra Aago Tó Ju Eré Yín Lọ

Àbúrò mi obìnrin, mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n fi owó ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, pé kí o lọ wá aago tí ẹ ó máa fi ka àkókò ìdíje slalom yín, eré fífi skateboard yí kóònù ká, níbẹ̀ yẹn ní California. Jẹ́ kí n tètè bá ọ sọ̀rọ̀ kí àwọn olùtajà tó ká ọ mọ́. Wọ́n á ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò ní béèrè iye ẹnu tó fẹ́ jẹ ọbẹ̀ náà. Ẹ ò pọ̀, orí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ ọ̀nà lẹ ń to kóònù sí, owó àpò yín lẹ sì ń ná. Lóòótọ́, Òlíńpíìkì gba skateboard wọlé ní Tokyo lọ́dún 2021, ṣùgbọ́n ti park àti ti street nìkan ni wọ́n gbà. Wọn ò mú slalom mọ́ ọn. Torí náà, kò sí ìjọba kankan tí yóò bá yín san owó aago.

Alge-Timing ará Austria, Microgate ará Ítálì, TAG Heuer ará Switzerland: ọjà wọn dáa, mi ò ní purọ́. Àwọn tó ń sáré lórí yìnyín àti àwọn pápá ìṣeré ńlá ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ yẹ. Kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún olówó.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó ná kọ́bọ̀ ni bí eré yín ṣe yá tó. Ẹni tó bá ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan ń kọjá mítà mẹ́jọ àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83, ìyẹn sì tó gígùn pátákó tí o dúró lé. Aago tó bá ka ìdá ọgọ́rùn-ún láìṣe màgòmágó ti tó yín. Èyí tó ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún, àṣehàn ni, nítorí àṣìṣe ibi tí ẹ gbé sẹ́ńsọ̀ sí nìkan ti ju ìyẹn lọ.

Ṣé aago ọwọ́ tí à ń tẹ̀ kò wá tó? Fún ìdánrawò, ó tó, bó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ń tẹ̀ ẹ́ látòwúrọ̀ dalẹ́. Fún ìdíje, rárá o. Láàárín ìgbà tí ojú rí nǹkan sí ìgbà tí ìka tẹ̀ ẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lè ti lọ, kì í sì í ṣe iye kan náà ló ń lọ nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ìdíje ló ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún àkókò ẹni tó bá gbá kóònù kan. O ti rí i báyìí: ìka ẹni tó ń tẹ aago lè fi kóònù méjì jẹ ọ́ níyà láìjẹ́ pé o fara kan ìkankan. Ó tún ku ọ̀kan tí àwọn èèyàn kì í rò. Bí ẹni tó wà lókè bá kígbe "ó yá!", tí ẹni tó di aago mú wà ní ìsàlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà sí i, ohùn náà yóò lo nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kó tó dé etí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo aago ọwọ́, kí ẹni tó dì í mú máa wo àsíá tí ẹni òkè ń jù, kó má gbẹ́kẹ̀ lé igbe.

Fóònù tó wà nínú báàgì rẹ lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó púpọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán kan sí ìkejì kò sì ju ìdá mẹ́rin àti díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Gbé e lé orí ìdúró, kó dojú kọ ìlà ìparí gan-an láti ẹ̀gbẹ́, kó má dagun rárá. Bí àwọn méjì bá jọ gbéra lórí ìró kan, lórí ọ̀nà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ka iye àwòrán tó wà láàárín dídé ẹni àkọ́kọ́ àti dídé ẹnì kejì, o ti mọ ìyàtọ̀ wọn. Kò gbà yín ní kọ́bọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kíka àwòrán ń gba àkókò, inú àwọn tó ń dúró nínú oòrùn kì í sì í dùn sí i.

Ibi tí owó yín yẹ kó lọ gan-an ni sẹ́ńsọ̀ ìlà ìparí. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀já pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, tí táyà bá gùn ún, irin méjì inú rẹ̀ á fara kanra, aago á dúró. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún slalom, nítorí táyà nìkan ló ń dáhùn sí. Ẹni tó bá na apá síwájú kò lè fi apá borí ẹni tó sáré jù ú lọ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ dáadáa kó má hunjọ, ẹ má sì jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́.

Èkejì ń lo ìtànṣán tí ojú ò rí. Ó rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n ó nílò ọgbọ́n. Bí ẹ bá gbé e ga, apá tàbí orúnkún ni yóò kọ́kọ́ gé e. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ tó súnmọ́ kóònù ìkẹyìn, kóònù tí wọ́n gbá fò ni yóò gé e, ẹ ó sì rí àkókò tí kò sí ẹ̀dá alààyè tó sá a. Ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀ dára, kó sì jìnnà sí kóònù ìkẹyìn ní mítà díẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ náà ní irú ìtànṣán yẹn nínú, torí náà ẹ má jẹ́ kí ojú sẹ́ńsọ̀ kọjú sí i. Ẹ fi páìpù dúdú kékeré bo ojú rẹ̀, ẹ sì ra irú èyí tí ìtànṣán rẹ̀ ń tàn tó sì ń kú léraléra ní ìwọ̀n 38 kHz, kó lè mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti oòrùn. Ẹ jẹ́ kí aago máa kọ etí dídi fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn ìgé àkọ́kọ́, torí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni yóò gé e.

Tí ọmọ ilé-ìwé kan bá wà láàárín yín tó mọ iná mànàmáná dáadáa, kọ̀ǹpútà kékeré bíi Arduino tàbí ESP32 lè jẹ́ ọpọlọ aago náà, owó pọ́ọ́kú sì ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi í: ṣé crystal ló ń ka àkókò nínú rẹ̀? Arduino Uno R3 ń lo ceramic resonator dípò crystal, àṣìṣe rẹ̀ sì lè tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí eré ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Níwọ̀n bí aago kan náà ti ń ka gbogbo yín, ipò yín kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n má lọ fi àkókò yẹn ṣe fọ́nńté pé o ti borí àwọn ará ìlú mìíràn.

Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ lo wáyà. Mo mọ̀ pé aláìlówáyà ló wu gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ìfàsẹ́yìn Bluetooth kì í dúró lójú kan, ti wáyà kì í sì í yí padà. Ẹ tò ó mọ́ etí ọ̀nà, kó má ṣe dábùú ojú eré.

Àwọn ẹ̀rọ tí olúkúlùkù ń so mọ́ ara, bíi Freelap àti MYLAPS, wúlò níbi tiwọn. Bí ìwọ nìkan bá ń dánra wò, Freelap lè bá ọ mu. Fún odindi ẹgbẹ́, ẹ ó ra ti gbogbo ẹni tó ń sáré, ìyẹn sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó kékeré.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an wá rèé: kò sí aago kankan tó ń ka kóònù. Èèyàn ló ń kà á. Ẹni tó bá ka kóònù kan mọ́ tàbí kà á fò ti yí èsì padà ju bí sẹ́ńsọ̀ olówó gọbọi ṣe lè tún un ṣe lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ìdí kóònù kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ lè mọ èyí tó kúrò láyè rẹ̀. Ẹ pín ojú eré láàárín àwọn olùṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣọ́ púpọ̀ jù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi pátákó gígùn kan gé ìtànṣán, tàbí kí ẹ fi tẹ ọ̀já, ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí aago bá fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ kò tíì ṣe tán.

Bí ẹnì kan bá ní wáyà àti aago kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, má dá a lóhùn. Judi Oyama ti ń sá slalom níbẹ̀ ní California láti àwọn ọdún 1970, Lynn Kramer sì ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bó bá jẹ́ pé ohun kan péré ni owó yín ká báyìí, ra ọ̀já ìlà ìparí méjì, ọ̀kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ṣẹ́ńjì tó kù ra ṣọ́ọ̀kì.