Tí Àwòrán Pac-Man Bá Ń Gbọ̀n: Àìsàn Mọ́nítọ̀ Àtijọ́ àti Ìwòsàn Rẹ̀

Ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Namco gbé géèmù Pac-Man jáde ní Japan. Lọ́dún yẹn náà ni Midway gbé e dé Amẹ́ríkà. Àpótí igi gíga ni ẹ̀rọ rẹ̀: èèyàn á ju owó ẹyọ sí i, á dúró síwájú rẹ̀, á sì máa gbá géèmù. Àwọn kan ṣì ní i nílé títí dòní, wọ́n sì ń fẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe rí nígbà náà.

Ẹ wá wò ó o: wọ́n tan ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ kan, ohùn ń jáde dáadáa, àmọ́ àwòrán ń gbọ̀n bí ewé inú afẹ́fẹ́. Ṣé ó ti kú nìyẹn? Rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú nǹkan kékeré kan ló gbẹ. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ṣé ẹ rántí tẹlifíṣọ̀n tó nídìí gbàǹgbà, tó wà ní pálọ̀ màmá àgbà? Tẹ́ ẹ bá gbé apá súnmọ́ ojú rẹ̀, irun apá yín á dìde. Irú rẹ̀ náà ni mọ́nítọ̀ Pac-Man. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà ni G07, tí ilé-iṣẹ́ Electrohome ti Kánádà ṣe.

Ìgò ńlá kan ni, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ní ọrùn ìgò náà, irin kékeré kan ń gbóná, ó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Iná bíi 20,000 fóltì ló ń fà wọ́n lọ síwájú. Wáyà kọ́pà tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ìgò náà máa ń di òòfà tí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, òun ló ń darí wọn káàkiri. Ibi tí wọ́n bá ti kan gíláàsì iwájú, èròjà tí wọ́n kùn síbẹ̀ á tàn: pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù. Ìlà kan lẹ́yìn ìkejì ló ń kọ ọ́, nǹkan bí ìlà 15,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Ojú wa ò lè bá a sáré, ìdí nìyẹn tá a fi ń rí odindi àwòrán.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án

Ibí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Ìgò yẹn fúnra rẹ̀ ń tọ́jú iná. Wọ́n kun èròjà tó ń gbé iná sí inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, gíláàsì sì wà láàárín méjèèjì. Torí náà, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná ṣì lè wà níbẹ̀.

Àwọn tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná. Wọ́n á fi wáyà so irin síkúrúdíráfà gígùn kan mọ́ férémù irin mọ́nítọ̀ náà. Rọ́bà gbọ́dọ̀ wà níbi ìdìmú síkúrúdíráfà yẹn. Wọ́n á wá ti ẹnu rẹ̀ wọ abẹ́ rọ́bà tó dà bíi fìlà lára ìgò náà, títí á fi kan irin abẹ́ ibẹ̀. Ó lè dún "páù!" Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, torí iná díẹ̀ máa ń jọ padà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe é, èkejì á wà lẹ́yìn. Kí ló dé? Tí iná bá gba ọwọ́ kan wọlé, tó gba èkejì jáde, àyà ló gbà kọjá, ibẹ̀ sì ni ọkàn wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àpilẹ̀kọ yìí nìkan dán an wò. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́ ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ.

Omi tó gbẹ

Ẹ ronú nípa tàǹkì omi ilé yín. Omi ìjọba lè ṣe ségesège, àmọ́ tí tàǹkì bá kún, ẹnu ẹ̀rọ á máa yọ omi geere. Iṣẹ́ tí kápásítọ̀ ń ṣe fún iná nìyẹn. Nínú irú èyí tó dà bí agolo kékeré, bébà tí wọ́n fi omi kẹ́míkà rẹ wà láàárín alumíníọ̀mù méjì tó fẹ́lẹ́. Ooru ló ń pa á. Ìṣirò táwọn ẹnjiníà máa ń lò ni pé tí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé kápásítọ̀ náà á dín sí ìdajì. Ẹ wá ro ti 40 ọdún nínú àpótí igi tó gbóná! Tàǹkì náà ti kéré, iná ti ń ṣe ségesège.

Àmì tẹ́ ẹ máa rí

Tí ẹ̀gbẹ́ àwòrán bá ń rú bí omi, tàbí tí òjìji kan ń rìn kọjá lójú rẹ̀, ẹ fura sí kápásítọ̀ ńlá tó ń mú iná dúró jẹ́ẹ́.

Tí gbogbo àwòrán bá di ìlà kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú ipá òòfà méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlà ìbú lẹ máa ń sábà rí. Lórí Pac-Man, ìlà òòró ni, torí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi mọ́nítọ̀ náà dúró lé.

Tí Pac-Man bá di pupa, àwọ̀ ewé ló sọnù. Pupa àti àwọ̀ ewé ló ń para pọ̀ di yẹ́lò lójú wa. Pátákó kékeré tó wà ní ọrùn ìgò ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Tẹ́ ẹ bá gbá àpótí tí àwòrán sì padà, lẹ́ẹ̀dì tó so nǹkan mọ́ pátákó ti sán níbì kan. Ẹ ò rí i pé àwọn bàbá wa tó ń gbá tẹlifíṣọ̀n létí ò ya wèrè! Àmọ́ ojú sísán náà ṣì wà níbẹ̀, àfi kí wọ́n tún lẹ́ẹ̀dì yọ́ sí i.

Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ kápásítọ̀, iye microfarad tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, fóltì rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín. Èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára ló dáa jù. Wọn ò gbọdọ̀ kọ ojú rẹ̀ sódì, torí ó lè bẹ́.

Èyí tí kò ní ìwòsàn

Àwòrán ojú ọ̀nà inú Pac-Man kì í kúrò lójú kan. Tó bá tàn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èròjà ojú gíláàsì á rẹ̀ níbẹ̀, débi pé tẹ́ ẹ bá pa iná, ẹ ṣì máa rí i bí àpá. Kò sí kápásítọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn. Tí ọrùn ìgò bá ṣẹ́ náà, ó parí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti jáwọ́ nínú ṣíṣe irú ìgò bẹ́ẹ̀.

Torí náà, kápásítọ̀ lẹ lè fi owó díẹ̀ rà, ìgò ni ẹ ò ní tètè rí. Tí mọ́nítọ̀ àtijọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún.