Bí A Ti Ń Fi Ojú Awọ Mọ Àrùn Ẹran

Bí irun bá ń re lára ewúrẹ́ tàbí ajá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé: "Kúrúnà ni!" Wọn a sì gbé kẹrosíìnì dà lé e lára. Kò yẹ kí àwa tí a óò kọ́ ọmọdé yára bẹ́ẹ̀, nítorí àrùn tí ń mú irun re pọ̀, oògùn wọn kò sì dọ́gba.

Ohun tí a ní láti kọ́kọ́ wádìí ni pé, èwo ni ó ṣáájú, ara yíyún ni tàbí irun tí ń re? Púpọ̀ nínú egbò tí a ń rí jẹ́ iṣẹ́ èékánná àti eyín ẹran náà fúnra rẹ̀, irú egbò bẹ́ẹ̀ kò sì lè sọ orúkọ àrùn fún wa. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ àárín egbò níbi tí ó ti burú jù. Etí rẹ̀ ni kí ẹ wò, níbi tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Kòkòrò tín-ín-rín tí ń gbẹ́ ihò sínú awọ ni ó ń fa kúrúnà. Yíyún rẹ̀ a máa ṣáájú, a sì máa le púpọ̀. Lára ajá, ẹ wo etí, ìgúnpá àti abẹ́ ikùn. Bí a bá rọra fi ìka ra ṣóńṣó etí ajá, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́, kí a fura sí kúrúnà gidigidi.

Làpálàpá kì í ṣe kòkòrò rárá; ìbátan èébu ara oúnjẹ ni. Irun a gé ní ìdí, ojú ibẹ̀ a rí roboto, yíyún rẹ̀ kì í sì í sábà le.

Ẹ̀kẹta wọ́pọ̀ lára màlúù ní ìgbà òjò: èépá líle, tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣí i, irun a dúró nínú rẹ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, abẹ́ rẹ̀ a sì tutù. Ní ilẹ̀ Kóńgò ni Van Saceghem ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1915, orúkọ ilẹ̀ náà sì wà lára rẹ̀ títí di òní: Dermatophilus congolensis. Eégbọn a máa mú un burú sí i.

Dókítà ẹran a kán òróró sí ẹnu abẹ, a fi ha etí egbò títí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yóò fi hàn, a sì fi awò amúǹkantóbi wò ó. Bí ó bá rí kòkòrò kúrúnà, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá rí i, ọ̀rọ̀ kò tíì parí o, nítorí kòkòrò náà a máa fara pamọ́ fún abẹ àní lára ajá tí ó ní in dájúdájú. Èyí yà wá lẹ́nu púpọ̀.

Ivermectin, tí a ti ń lò fún ẹran láti 1981, ń pa kòkòrò kúrúnà, ṣùgbọ́n kò ràn làpálàpá. Ẹni tí ó bá pe làpálàpá ní kúrúnà yóò gún ewúrẹ́ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, ewúrẹ́ náà yóò sì tún padà lọ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké ń jókòó, yóò sì kó o ràn wọ́n. Kúrúnà pàápàá a máa ran ènìyàn. Nítorí náà, bí a bá ń fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ kọ́ni, kí ọmọ máa wò, kí ó má fọwọ́ kàn án. Kí olùkọ́ sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́. Ní ti kẹrosíìnì, ó ń jó awọ, ó sì ń ba etí egbò tí dókítà ìbá wò jẹ́.