Nígbà Tí Ìka Bá Léròrò: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tí Ń Kọ́ Gìtá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ra gìtá tí kò sì ta á ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí àwọn ráyè, ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìka ni ó ń dùn wọ́n. Akọ̀wé tí yóò tẹ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àti oníṣòwò tí yóò wọn aṣọ, tí yóò sì ka owó, kò lè fi ìka bíbó ṣeré. Nítorí náà ó yẹ kí á mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí awọ wa, kí á má baà pa gìtá tì láìnídìí, tàbí kí á fi agídí ba ọwọ́ jẹ́.

Ìpele-ìpele ni awọ ara. Bí okùn gìtá bá ń fà á síwá sẹ́yìn ju bí ó ti yẹ lọ, ìpele òkè a là kúrò lára ti ìsàlẹ̀, omi a sì kún àárín wọn. Ìléròrò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìnira náà bá mọ níwọ̀n, ara fúnra rẹ̀ a máa fi awọ kún awọ níbi tí okùn ń tẹ̀, títí yóò fi yi bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn tí a bá gbé gìtá kalẹ̀ ni ara ń ráyè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń ta gìtá lórí ìléròrò, awọ tí ó ti ń kó jọ ni ó ń bó dànù. Àwọn kan a máa wí pé kí á ta á títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, pé báyìí ni ọkùnrin ṣe ń kọ́ ọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ àti 15 lálẹ́ sàn fún akẹ́kọ̀ọ́ ju wákàtí 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ Sátidé. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìrora náà a dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ má ṣe gbé gìtá ní kété tí ẹ bá wẹ̀ tàbí tí ẹ fọ aṣọ tán, nítorí omi a máa mú kí awọ rọ̀.

Bí ó bá ti léròrò ńkọ́? Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, ẹ lẹ plásítà mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ìka náà sílẹ̀ títí yóò fi jiná. Bí ó bá bẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe bó awọ tí ó kù lórí rẹ̀, òun ni ó ń dáàbò bo ẹran tútù tí ó wà lábẹ́. Àwọn kan a máa kán gúlúù sí orí ìka. Ó lè ṣe awọ léṣe, ó sì lè sé ìdọ̀tí mọ́ inú egbò. Bí ọyún bá ń jáde, tí pípọ́n rẹ̀ ń tàn kálẹ̀, tí ó ń gbóná tí ó sì ń sọ kúlúkúlú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró títí di ìgbà yẹn.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gìtá ni ó jẹ̀bi. Bí okùn bá ga jù lórí ọrùn gìtá, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tẹ okùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn náà pẹ́kípẹ́kí, agbára díẹ̀ ni yóò gbà. Ẹ máa nu okùn lẹ́yìn títa, nítorí òógùn a máa mú un dípẹtà, okùn tí ó bá sì dípẹtà a máa ha awọ. Okùn náílọ́nù rọ ìka lọ́rùn ju ti irin lọ. Nínú ti irin pàápàá, ọ̀wọ́ tí okùn kìíní rẹ̀ jẹ́ 0.010 íǹṣì rọrùn láti tẹ̀ ju ti 0.012 lọ.

Kò sí ìtìjú nínú okùn tín-ín-rín. Ní 1965, ní ìlú Birmingham, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gé orí ìka méjì lára ọwọ́ tí Tony Iommi fi ń tẹ okùn. Ọmọ ọdún 17 ni. Ọ̀gá rẹ̀ kan gbé àwo orin Django Reinhardt fún un láti gbọ́, ẹni tí iná ti ba ìka méjì rẹ̀ jẹ́ ní 1928, síbẹ̀ tí ó di ògbóǹtarìgì. Iommi yọ́ ike, ó fi ṣe ìdérí fún ìka rẹ̀, ó fi awọ bò ó, ó sì wá okùn tín-ín-rín, títí kan ti báńjò, kí ó lè tẹ̀ ẹ́. Òun náà di olókìkí nínú ẹgbẹ́ Black Sabbath.

Ní ti gìtá béèsì, okùn rẹ̀ nípọn, ìka méjì tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò ní ọwọ́ tí a fi ń ta á ni ó sì sábà máa ń léròrò, pàápàá níbi àríyá tí ó gùn. Ohun tí ń fà á ni pé olùta kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì ń fi agbára já okùn. Kí ó sọ fún ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ kí ó fi ohùn kún un. Bí ìka bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á kí eré tó parí, kí ó fi àtàǹpàkò ta ìyókù.